Ta ni Yóò Bá Wa Tún Un Ṣe? Ìtàn Alùpùpù Eré Ìje Ilẹ̀ Ítálì àti Àwọn Tí Ó Ní In

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní, "Kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù?" Èsì mi kò gùn. Ìtàn kò mọ sí ti ọba àti ti ogun nìkan. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe náà ní ìtàn, ẹni tí ó bá sì fi owó ra ohun náà, ó ra ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Èmi kò mọ̀. Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba, mo tu owó jọ, mo sì ra alùpùpù eré ìje ilẹ̀ Ítálì kan ní àlòkù. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Pupa ni, ó rẹwà, bí mo bá sì gùn ún, inú mi a máa dùn bí ẹni pé ẹṣin ọba ni mo jókòó lé. Ní ọjọ́ kan, irin kékeré kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ kán nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni ó fi wà ní ìdúró ní gáréèjì. Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún mọ iṣẹ́, kò sì rẹ́ mi jẹ. Pátì ni kò sí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni mo ń bi ara mi léèrè pé: kí ni ó ṣe é tí àwọn tí ó lè ṣe ẹ̀rọ tí ó yára tó báyìí kò fi lè fi irin kékeré kan ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ra á? Ìbéèrè yìí ni mo gbé tọ ìtàn lọ. Ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé àìsàn alùpùpù ilẹ̀ Ítálì kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bí ó ti wà nínú ilé tí ó ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì mú Ducati tí òkìkí rẹ̀ kàn jù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ìlú Bologna, ní 1926, ni Antonio Cavalieri Ducati àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Adriano, Marcello àti Bruno, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀. Alùpùpù kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yà rédíò ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́: ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíṣe ẹ̀yà fún ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wá ń wá ẹ̀yà sí lọ́rùn lẹ́yìn náà! Ní 1935 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Borgo Panigale, ní ẹ̀yìn odi ìlú náà. Ogun àgbáyé kejì dé, àwọn ará Jámánì gba ibẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, 1944, ọkọ̀ òfurufú àwọn tí ó ń bá Jámánì jagun rọ òjò bọ́ǹbù lé e lórí. Ilé iṣẹ́ náà di àlàpà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Lẹ́yìn ogun, owó kò sí lọ́wọ́ ará Ítálì, ọkọ̀ kò tó, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere wà káàkiri. Ní 1946 ni Ducati bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí a lè so mọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn ará Turin ni wọ́n kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cucciolo. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni ọmọ ajá, nítorí pé ìró rẹ̀ jọ gbígbó ọmọ ajá. Èyí dùn mọ́ èmi olùkọ́ èdè nínú púpọ̀, nítorí pé ìró ni àwa náà fi sọ ẹ̀rọ yìí lórúkọ. Alùpùpù ni a pè é, nítorí ohun tí etí wa gbọ́ nìyẹn nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ìlú. Ní 1946 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Piaggio, tí òun náà wà ní Ítálì, gbé Vespa jáde. Àwọn àgbà olùkọ́ tí ń wò wá kò ní ṣàì rántí Vespa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ayé ìjọba ìwọ̀-oòrùn. Cucciolo àti Vespa kò le, wọn kò sì nira láti tún ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ará Ítálì kò mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò ka ìtàn dé ìsàlẹ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà? Ní ibi eré ìje ni. Ní 1954 ni Fabio Taglioni, onímọ̀ ẹ̀rọ, wọ iṣẹ́ Ducati. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níhìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ó bí ògo Ducati, òun náà ni ó sì bí ìnáwó ẹni tí ó rà á. Nínú ẹ́ńjìnnì, fáàfù ni ilẹ̀kùn tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó wọ́pọ̀, kámù ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn náà ṣí, sípíríǹgì ni ó sì máa ń dá a padà. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá wá ń yí kíkankíkan, sípíríǹgì lè má bá a mu mọ́; ilẹ̀kùn a ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí písítìn bá dé, àwọn méjèèjì a sì forí gbárí. Ohun tí Taglioni ṣe ni pé kò gbẹ́kẹ̀ lé sípíríǹgì mọ́. Ó fi irin kan ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi irin mìíràn tì í. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ro èrò yìí, nítorí pé Mercedes-Benz ti lò ó fún ọkọ̀ eré ìje ní 1954. Ṣùgbọ́n Taglioni ni ó mú un di ti alùpùpù. Ní 1956, alùpùpù rẹ̀ tí ó ní ètò yìí gba ipò kìíní ní Sweden ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó jáde fún ìdíje.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ètò náà ni desmodromic. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, láti ara ọ̀rọ̀ méjì tí ìkíní jẹ́ ìdè, tí ìkejì sì jẹ́ eré sísá tàbí ipa ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí ń sáré nínú ìdè ni. Ẹni tí ó ra á náà wọ inú ìdè. Fáàfù tí ó ní sípíríǹgì, àlàfo kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì yóò wọ̀n lára rẹ̀. Èyí tí ó ní irin méjì, àlàfo méjì ni. Nígbà tí Ducati wá ń ṣe ẹ́ńjìnnì onífáàfù mẹ́jọ, àlàfo mẹ́rìndínlógún ni ó di dandan kí a máa wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè kéré.

Ní 1969 ni Honda ti ilẹ̀ Jàpáàn gbé CB750 jáde. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, bíréèkì onípáálí irin wà ní iwájú rẹ̀, bọ́tìnnì ni a sì ń tẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 1972, Ducati lọ sí ìdíje ńlá tí wọ́n ṣe ní Imola, ní tòsí Bologna. Paul Smart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ipò kìíní. Bruno Spaggiari, tí òun náà gun Ducati, gba ipò kejì. Gbogbo ayé pariwo. Nítorí ìṣẹ́gun yìí ni Ducati ṣe gbé irú alùpùpù náà jáde fún títà ní 1974, wọ́n sì pè é ní 750 Super Sport. Kò ní bọ́tìnnì ìdáná. Ẹsẹ̀ ni a fi ń ta á kí ó tó jí. Iye tí wọ́n ṣe ní ọdún náà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Honda CB750: títí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ ní ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, iye tí wọ́n tà ju 400,000 lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí òǹkà méjì yìí, nítorí pé inú wọn ni ìdáhùn ìbéèrè mi wà. Ẹni tí ó fẹ́ rọ irin kan ní láti kọ́kọ́ ṣe ohun tí yóò fi rọ ọ́, owó ni yóò sì fi ṣe é. Bí 400,000 ènìyàn bá wà tí ó lè nílò irin náà lọ́la, owó náà yóò padà wọlé, oníṣòwò kò sì ní bẹ̀rù láti kó o jọ sí ìsọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 400 péré tí wọ́n fọ́n káàkiri ayé, ta ni yóò kó o jọ? Àwọn àgbà tún ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní akísà bí àgbà. Ducati ní aṣọ bí Honda; ó tilẹ̀ lẹ́wà jù ú lọ. Akísà ni kò ní. Pátì tí ó wà ní ìsọ̀ ni akísà ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà sí wa. Ẹ wo ọlọ́kadà tí ó ń gun Bajaj tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Bí ṣéènì rẹ̀ bá já ní òwúrọ̀, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta òmíràn wà ní ìkòríta, ọmọ tí yóò sì bá a so ó wà lábẹ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kì í ṣe pé Bajaj kì í bàjẹ́. Ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ ni kì í pẹ́ di títúnṣe. Èyí fi hàn wá pé ohun méjì ni a máa ń pa pọ̀ nígbà tí a bá ní ẹ̀rọ kan ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: bí ó ti máa ń pẹ́ tó kí ó tó bàjẹ́, àti bí ó ti máa ń yá tó kí ó tó padà bọ̀ sípò. Alùpùpù ilẹ̀ Ítálì kò burú tó bí wọ́n ti ń wí lórí ti ìkíní. Lórí ti ìkejì ni ó ti máa ń já oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé àsọdùn ni, ẹ wo 1978. Mike Hailwood, tí ó ti fi ìdíje erékùṣù Man sílẹ̀ láti 1967, padà síbẹ̀ ní ẹni ọdún 38, ó gun Ducati, ó sì borí àwọn tí ó gun Honda. Ìdíje tí wọ́n ń sá lórí títì gidi, lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò gba ẹ̀rọ tí kò lágbára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àdáni kan ní Manchester ni ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ tí ó sì tún un tò. Bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í dójú ti ènìyàn. Ìbéèrè ni pé, ẹni mélòó nínú àwọn tí ó ra á ni ó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí?

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ilé náà wò. Ọdún púpọ̀ ni Ducati fi wà lábẹ́ ìjọba Ítálì lẹ́yìn ogun. Ní 1985, ilé iṣẹ́ Cagiva ti àwọn ará Castiglioni rà á. Lábẹ́ wọn ni Massimo Tamburini ya àwòrán alùpùpù 916 tí ó jáde ní 1994, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí alùpùpù tí ó lẹ́wà tó o ní àkókò náà. Carl Fogarty gùn ún, ó sì gba ipò kìíní àgbáyé nínú ìdíje Superbike ní 1994 àti ní 1995. Ní àkókò ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni owó tán nílé. Àwọn tí ó ń ta ẹ̀yà fún ilé iṣẹ́ náà kò rí owó wọn gbà mọ́, àwọn náà sì dá ẹ̀yà dúró. Ayọ̀ wà lórí pápá, ìsọ̀ sì ṣófo. Ní 1996, ilé iṣẹ́ olówó kan láti Texas, ní Amẹ́ríkà, ra èyí tí ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ilé náà tò. Ní 2012 ni Audi ti ilẹ̀ Jámánì rà á, ọwọ́ wọn ni ó sì wà títí di òní.

Ti Ducati tilẹ̀ sàn. Ní Breganze, ìdílé Laverda tí ó ti ń ṣe ẹ̀rọ àgbẹ̀ láti 1873 bẹ̀rẹ̀ alùpùpù ní 1949. Ní 1976 wọ́n gbé Jota jáde, ó sì wà lára àwọn alùpùpù tí ó yára jù lọ tí a lè rà láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alùpùpù ìdílé náà tú ká kí 1990 tó dé. Àwọn mìíràn jí i dìde ní 1993. Aprilia rà á ní 2000. Piaggio, àwọn tí wọ́n ṣe Vespa, ra Aprilia ní 2004, láti ìgbà náà ni orúkọ Laverda sì ti wọ inú àpótí. Ẹni tí ó ní Jota lónìí, ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ bíi tirẹ̀ ni ó ti ń rí pátì. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

Ti MV Agusta ni ó ya mi lẹ́nu jù. Láti 1958 títí di 1974, ọdún mẹ́tàdínlógún léraléra, ẹni tí ó gun MV Agusta ni ó gba ipò kìíní àgbáyé ní ìsọ̀rí 500. Síbẹ̀, wọn kò ṣe alùpùpù mọ́ nígbà tí 1980 fi kọjá. Àwọn ará Castiglioni ra orúkọ náà, wọ́n sì fi alùpùpù F4 jí i dìde ní 1997. Ẹ wá gbọ́ bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: Proton ti ilẹ̀ Malaysia ra èyí tí ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ ní 2004, ó sì tà á ní 2005 ní owó Yúrò kan ṣoṣo, Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà rà á ní 2008, ó tún tà á padà fún Claudio Castiglioni ní 2010, Mercedes-AMG wọlé ní 2014, àwọn ará Sardarov láti Rọ́ṣíà wọlé ní 2017, KTM ti ilẹ̀ Austria wọlé ní 2022, gbèsè sì dá KTM fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ ní ìparí 2024, ilé náà sì padà sọ́wọ́ àwọn Sardarov ní 2025. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí ó ra F4 ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ọ̀gá tuntun kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó ní aṣojú tirẹ̀, ó sì ní ètò tirẹ̀. Ìwé tí ẹ kọ sí ti àná, ti òní kò rí i.

Gbogbo wọn kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Moto Guzzi, tí ó ti wà ní Mandello del Lario láti 1921, tò ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́nà tí orí sìlíńdà méjèèjì fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì, tí ọwọ́ ẹni tí ó ní i fi lè tó fáàfù láì tú ohun púpọ̀. Àwọn ọlọ́pàá California gùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ọlọ́pàá kò sì gba ẹ̀rọ tí ó ń ṣàìsàn lójoojúmọ́.

Ducati náà kọ́gbọ́n. Ní ayé 916, nǹkan bí 10,000 kìlómítà ni ó gbọ́dọ̀ wọ gáréèjì fún wíwọn fáàfù; bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀ lóòrèkóòrè, nítorí pé bí ó bá já, písítìn yóò fọ́ fáàfù. Ní 2010, ẹ́ńjìnnì Multistrada 1200 sún ìwọ̀n náà dé 24,000. Nígbà tí ó sì di 2020, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Multistrada V4 jáde pẹ̀lú sípíríǹgì, wọ́n sì ní ó di 60,000 kìlómítà kí a tó wọn fáàfù rẹ̀. Sípíríǹgì tí Taglioni lé jáde ní 1956 padà wọlé, nítorí oníbàárà. Àwọn kan sunkún pé Ducati ti ta ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Èmi kò bá wọn sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, lójú tèmi, tí ẹni tí ó jókòó sídìí iṣẹ́ ní Bologna ro ti ẹni tí alùpùpù rẹ̀ wà ní ìdúró ní ọ̀nà jíjìn kí ó tó ro ti pápá eré.

Ẹ̀yin olùwòran wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín, nílé tàbí ní ìdálẹ̀, bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, n kò ní kí ó má rà á. Ṣùgbọ́n kí ó tó béèrè bí ó ti ń sáré tó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta. Mélòó ni wọ́n ṣe nínú irú rẹ̀? Ọwọ́ mélòó ni ilé tí ó ṣe é ti bọ́ sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é? Ta ni mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n ní ìtòsí, ǹjẹ́ ìwé sáfíìsì rẹ̀ sì pé? Bí ìdáhùn kan bá mẹ́hẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó tọ́jú owó àti sùúrù pamọ́.

Ní ti alùpùpù tèmi, pátì náà dé ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Mẹkáníìkì náà lo bí wákàtí méjì láti fi í sí i, ó jí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti ìṣáájú. Mo gùn ún fún ọdún kan sí i kí n tó tà á. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á tó na owó fún mi, mo jókòó tì í, mo sì kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó rà á bẹ́ẹ̀.